Òòbẹ̀ Tó Wọ́n Ju Àdán Lọ: Ìtàn Àwọn Tó Ń Ṣe Wẹ́ẹ̀bùsáìtì ní Ìdímù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Òwe yìí bá ìtàn àwọn tó ń fi ṣíṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì jẹun ní Ìdímù mu. Nígbà tí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dé agbègbè wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, ohun mẹ́ta tí iṣẹ́ náà kò lè ṣe láìní ni kò sí nílẹ̀: wáyà tí yóò gbé ọ̀rọ̀ wọlé, iná tó dúró, àti ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà yóò fi mọ lẹ́tà èdè Yorùbá. Òòbẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa òwe náà gbà pé òòbẹ̀ ló sún mọ́ni, òun náà ló sì rọrùn láti rí. Ti Ìdímù kò rí bẹ́ẹ̀. Òòbẹ̀ ibẹ̀ wọ́n ju àdán lọ, òṣìṣẹ́ ló sì ń fi owó ara rẹ̀ rà á.

Ìdímù wà lójú ọ̀nà tó ti Ìkọ̀tún lọ sí Ẹgbẹ́dá, lórí ilẹ̀ Àwórì tí ìlú Èkó ti fẹ̀ dé. Ní ọdún 2003 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá Àgbègbè Ìdàgbàsókè Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù sílẹ̀ láti ara Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní Alímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tí èrò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Iye tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ kà lé ní mílíọ̀nù méjì. Ilé tí owó rẹ̀ kò ga púpọ̀ ló kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Ilé ló ṣáájú. Ọ̀nà, omi, iná àti wáyà tẹlifóònù ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn. Inú irú àwọn yàrá bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ti fìdí múlẹ̀.

Kí ó tó di ọdún 2001, wáyà tẹlifóònù tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó ìdajì mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni èrò orílẹ̀-èdè náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Káfẹ́ ni òòbẹ̀ àkọ́kọ́. Oníkáfẹ́ ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú sánmà pẹ̀lú àwo ńlá tó gbé sórí òrùlé, ó sì ń tà á ní wákàtí-wákàtí lórí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kì í fi wákàtí tó fowó rà jókòó ronú. Orí ìwé ni yóò ti kọ kọ́ọ̀dù rẹ̀ tán nílé kí ó tó wá tẹ̀ ẹ́ ní káfẹ́; yóò fi àwọn ojú ewé tó fẹ́ kà pamọ́ sínú dísíìkì, yóò sì gbé wọn lọ kà níbòmíràn. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká ti ọ̀sán a lọ ní òru, nígbà tí owó dín, a sì fi ọ̀sán sùn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, Econet àti MTN gbé fóònù alágbèéká dé. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá péré náà yóò san owó ìṣẹ́jú kan gbáko, títí Glo fi dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2003 tó ń gba owó ní ìṣẹ́jú-àáyá. Nígbà tó yá, fóònù kan náà di ẹnu ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Okùn abẹ́ òkun tí wọ́n ń pè ní SAT-3 ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2002, ṣùgbọ́n ọwọ́ NITEL nìkan ni ẹnu rẹ̀ wà ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ kò sì wálẹ̀. Ìgbà tí MainOne, ilé-iṣẹ́ tí Funke Opeke dá sílẹ̀, fa okùn tirẹ̀ dé Èkó ní ọdún 2010 ni ìdíje wọ ọjà náà. Síbẹ̀, láti etíkun dé Ìdímù jìnnà. Orí òpó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ni ọ̀pọ̀ yàrá ti ń rí tiwọn gbà, ìdí nìyẹn tí òṣìṣẹ́ fi ń ní síìmù méjì tàbí mẹ́ta: bí ọ̀kan bá kú, òmíràn a jí. Nígbà tí okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó ní síìmù púpọ̀ nìkan ló lè máa dán an wò láti orí èkíní bọ́ sórí èkejì.

Ti iná ló nira jù. NEPA di PHCN ní ọdún 2005. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013, ìjọba fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, Alímọ̀ṣọ́ sì bọ́ sábẹ́ Ikeja Electric. Orúkọ yí padà ju iná lọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń lò jẹ́ tòkunbọ̀ láti ọjà kọ̀ǹpútà Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà. Bátìrì rẹ̀ ti darúgbó kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló wá di òòbẹ̀ iná.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná gbé owó iná àwọn oníbàárà Ìpele A, ìyẹn àwọn tí a ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, sí náírà 225 fún ìwọ̀n kílówáàtì-wákàtí kan. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà mú ju ìwọ̀n méjì jáde nínú lítà epo bẹntiróòlù kan. Epo yìí kò tó náírà 200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní náírà 1,000 ní Èkó. Ìwọ̀n kan nínú iná jẹnẹrétọ̀ kò lè dín ní náírà 500 nígbà náà, láìka ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti owó mẹkáníìkì. Iná tí gbogbo ènìyàn ń pariwo pé ó gbówó lórí kò tó ìdajì iye èyí tí ẹni tí kò rí i gbà ń san.

Àìdúró iná yìí wọ inú ìkòkò pẹ̀lú. Fíríìjì kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà ọbẹ̀ ní láti máa gorí iná láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ó má bàa kan. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìgbà tí iná bá dé kò lè jókòó ti ìkòkò ẹ̀wà nígbà tí iná wà. Abájọ tí Indomie fi di oúnjẹ wọn. Ọdún 1988 ni Tolaram kó o wọ Nàìjíríà. Ní 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà, tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà, ó sì ń tán nínú àwo lẹ́ẹ̀kan. Fàájì náà ń tẹ̀ lé iná: ọ̀pọ̀ ń lọ wo bọ́ọ̀lù ní ibi tí jẹnẹrétọ̀ ẹnìkan ti ń ṣiṣẹ́ fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn, tí owó epo sì ti pín sí wẹ́wẹ́.

Àìní kẹta kò ní ariwo. Láti ìgbà ìpàdé tí ìjọ CMS ṣe ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́ ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà kò rò wọ́n mọ́ tiwọn. Ètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Latin-1 mọ á ti Spéènì àti è ti Faransé. Kò mọ ẹ, ọ tàbí ṣ. Nínú MySQL, àpótí tí ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ̀bùsáìtì ń kó orúkọ sí, Latin-1 ló wà nílẹ̀ títí di ẹ̀dà kẹjọ tó jáde ní ọdún 2018, àyàfi bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá yí i padà. Ìlànà èdè Swídìn ló sì fi ń to orúkọ, nítorí ilẹ̀ Swídìn ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti bẹ̀rẹ̀. Bí Ṣọlá bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ??lá ni yóò bá.

Fọ́ọ̀ǹtì àkànṣe ni òòbẹ̀ tibẹ̀: ó ń gbé àmì jáde lórí kọ̀ǹpútà tó bá ní in, ó sì ń di ìdọ̀tí lórí èyí tí kò ní in. Ọ̀pọ̀ kúkú kọ Yorùbá láìsí àmì. Unicode ti ní ẹ, ọ àti ṣ láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ ní àyè tirẹ̀; àkópọ̀ ni, ọ̀nà tí a lè gbà kó o pọ̀ sì ju ẹyọ kan lọ. Ojú rí ohun kan náà, kọ̀ǹpútà rí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ kò sì ní rí i bí òṣìṣẹ́ kò bá sọ wọ́n di ọ̀kan. Bí ìlànà yìí ti ń tàn ká, tí àwọn iṣẹ́ bíi YorubaName, èyí tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ń pín ohun èlò ìfàmì-sí-ọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ìṣòro náà rọ̀. Ẹni tó wà ní Ìdímù kò san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ibí yìí ni ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti yà. Àìní lẹ́tà ni wọ́n jọ wá ojútùú sí, ojútùú ẹnìkan sì tó gbogbo ayé lò. Àìní iná ni wọ́n ń yanjú ní yàrá-yàrá, ó sì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Títí di òpin oṣù kẹta ọdún 2020, tí òfin kónílé-ó-gbélé kó gbogbo Èkó sílé, ẹni tó ń ti Ìdímù lọ ṣiṣẹ́ ní Yábàá ń jìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń lò. Lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ kúkú di òṣìṣẹ́ ilé. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Stripe ti Amẹ́ríkà kéde pé òun ra Paystack ti Èkó, ìròyìn sì gbé e pé owó náà lé ní igba mílíọ̀nù dọ́là. Inú ìlú dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó iná àti dátà ti kúrò nínú ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́, ó ti bọ́ sápò ẹni tó ń gbé yàrá, kò sì sí ìròyìn tó gbé ìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tún fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi ìdajì kún owó wọn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì kan tí wọ́n ṣe ní Ìdímù ná ẹni tó ṣe é, kí ó ka kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú.