Àlejò Aláìsàn àti Ìwé Ìrántí Rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí àlejò náà bá wá tún jẹ́ aláìsàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di méjì. Ní ilé, kì í ṣe aláìsàn nìkan ní ń ròyìn àìsàn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ ìgbà tí gìrì mú un ní kékeré; ìyàwó rẹ̀ mọ oògùn tí kò bá a lára mu; ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rántí irú àìsàn tí ó pa bàbá wọn. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá gbé àìsàn kọjá òkun, gbogbo ẹlẹ́rìí wọ̀nyí ni ó fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ìwé nìkan ni ó kù tí yóò jẹ́rìí fún un. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ìwé yìí ṣe bọ́ sínú kọ̀ǹpútà ní àwọn ilé ìwòsàn tí àwọn àlejò ń wọ́ lọ, àti ìbéèrè tí ìyípadà náà gbé dìde nípa orúkọ, ọjọ́ orí àti ẹni tí ó ni ìtàn.

Èrò tí ó bí ètò náà dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òkìkí Ilé Ìwòsàn Mayo, ní ìlú Rochester, ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, ti kàn débi pé láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn aláìsàn ti ń wá. Dókítà kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá tirẹ̀ tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sí. Aláìsàn tí dókítà mẹ́ta bá yẹ̀ wò, ibi mẹ́ta ni ìtàn rẹ̀ fọ́n ká sí. Ní 1907, Dókítà Henry Plummer, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Mabel Root, fi òpin sí èyí. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ kò ṣòro láti há sórí: aláìsàn kan, nọ́ńbà kan, fáìlì kan. Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé tuntun ní 1914, Plummer ṣètò ẹ̀rọ tí yóò máa gbé fáìlì káàkiri inú ilé lọ bá dókítà tí ó bá fẹ́ kà á. Orí òfin Plummer yìí ni a kọ́ àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ó dé lẹ́yìn lé.

Ní 1966 sí 1967, ní Ilé Ìwòsàn Massachusetts General ní Boston, Octo Barnett, Neil Pappalardo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀dá èdè kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní MUMPS. Ìṣirò ni kọ̀ǹpútà ìgbà náà mọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn aláìsàn. Ẹnì kan lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹlòmíràn ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún. MUMPS kì í fi àyè ṣòfò fún ohun tí kò sí; ohun tí a bá ní nìkan ni ó ń tọ́jú.

Ilé ìwòsàn tí ó fi ọ̀rọ̀ àlejò hàn wá kedere jù ni Bumrungrad ní Bangkok, olú-ìlú Thailand. 1980 ni a dá a sílẹ̀. Ní 1997, wọ́n ṣí ilé ńlá tuntun, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún kan náà ni owó Thailand já wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé kò lè san owó ìtọ́jú níbẹ̀ mọ́. Àwọn aláṣẹ bá kọjú sí àlejò, nítorí pé owó tí ó já náà sọ ìtọ́jú di ọ̀pọ̀ fún ẹni tí ó mú dọ́là lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìkọlù oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, nígbà tí ọ̀nà Amẹ́ríkà há mọ́ àwọn ará ilẹ̀ Lárúbáwá, ọ̀pọ̀ nínú wọn gba Bangkok lọ. Ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Global Care Solutions ti ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún Bumrungrad, èyí tí ó so ìforúkọsílẹ̀, yàrá àyẹ̀wò, ilé oògùn àti ibi ìsanwó pọ̀.

Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Thailand, ìgbà ayé Búdà ni wọ́n fi ń ka ọdún, ó sì fi ọdún 543 ju tiwa lọ. Ẹni tí a bí ní 1957, 2500 ni wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀. Àlejò láti ilẹ̀ Lárúbáwá lè mú ọdún Híjírà wá, èyí tí ó fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kéré sí ọdún tiwa. Ní ti orúkọ, òfin ọdún 1913 ni ó sọ orúkọ ìdílé di dandan ní Thailand, síbẹ̀ orúkọ tí a sọ ènìyàn gan-an ni wọ́n ń fi pè é títí di òní. Ẹni tí ń jẹ́ Muhammad lè di Mohamed lónìí, kí ó di Mohammed lọ́la. Bí òṣìṣẹ́ bá kọ orúkọ kan ní ọ̀nà méjì, ẹnì kan di ènìyàn méjì nínú ẹ̀rọ. Fáìlì kan yóò wí pé pẹnisílíìnì lè pa á. Èkejì kò ní sọ nǹkan kan. Òfin Plummer ti wó nìyẹn, ẹ̀mí sì lè bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yunifásítì náà àti Yunifásítì Kuopio ní Finland pawọ́ pọ̀ gbé ètò ìwé aláìsàn kalẹ̀, èyí tí wọ́n mú láti ara ètò tí ìjọba Amẹ́ríkà fi MUMPS kọ fún ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ wo irú orúkọ tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń bá pàdé láàrin wa! Kẹ́hìndé ni Kẹ́yìndé; Táyéwò ni Táíwò; Ṣẹ́gun di Shegun ní ọ́fíìsì kan, ó di Segun ní òmíràn. Ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára ibi tí ìbejì pọ̀ sí jù láyé: ọjọ́ ìbí kan, orúkọ bàbá kan, àdírẹ́ẹ̀sì kan, ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a wo orúkọ náà dáadáa kí a tó ṣí fáìlì fún un.

Ta ni ó wá ni ìtàn náà? Ní 2007, Microsoft ra ètò tí Bumrungrad ń lò. Ní 2011, ó tà á fún Orion Health ti New Zealand. Láàrin ọdún mẹ́rin péré, ohun tí ó gbé ìtàn ara àwọn ènìyàn dání ti di ọjà lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ pé wọ́n ta ìtàn aláìsàn kankan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé tí a kó ìtàn náà sí lè bọ́ sọ́wọ́ onílé mìíràn láìjẹ́ pé a bi ẹni tí ó ni ẹrù léèrè.

Èrò tí ó yàtọ̀ sí ti Rochester ti jáde nítòsí wa rí. Ní 1956, Dókítà David Morley dé Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ṣe káàdì kan tí a ń fi ìlà ya bí ọmọdé ṣe ń tẹ̀wọ̀n sí i lóṣooṣù. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ó ń tọ́jú káàdì náà. Ìyá ni, nínú àpò ọ̀rá, nínú ilé tirẹ̀. Ibikíbi tí ó bá gbé ọmọ lọ, ìtàn ọmọ ń bá a lọ. Káàdì náà kúrò ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ó sì di ohun tí a ń lò ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Èrò tèmi ni pé àwọn ilé ìwòsàn tí ń gba àlejò jogún ọgbọ́n Rochester, wọn kò sì jogún ti Ìmẹ̀sí-Ilé tó. Fáìlì kan ṣoṣo dára fún ẹni tí yóò tún padà wá sí ilé náà. Ṣùgbọ́n àlejò yóò lọ sílé, dókítà ilé rẹ̀ ni yóò sì máa bá ìtọ́jú lọ. Òfin ti wà fún èyí báyìí: ti Thailand, tí a ṣe ní 2019, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2022, àti ti Nàìjíríà ní 2023, fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba ẹ̀dà ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé ìyá rẹ̀ lọ fún ìtọ́jú lókè òkun, kí ó rí i pé orúkọ ìyá náà ṣe déédéé pẹ̀lú ti inú ìwé ìrìnnà rẹ̀, kí ó sì má ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú padà láìgba ẹ̀dà ìwé ìtọ́jú náà sọ́wọ́. Ẹ̀rí tí a fi sílẹ̀ ní ìlú àjèjì kò lè jẹ́rìí fún ẹni tí ó ti dé ilé.