Ilé Tó Kan Ilé: Ètò Ìlú Kíkọ́ ní Òkè-Ògùn láti Ayé Odi dé Ayé Òfin Ìjọba

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé tó bá kan ilé ní í jó àjóràn. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bí ti Òkè-Ògùn, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé kí páànù tó dé. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tí ohun gbogbo gbẹ, iná kékeré kan láti ìdí àdìrò lè sọ odindi àdúgbò di eérú. Ẹni tó kọ́kọ́ ní kí àlàfo wà láàárín ilé méjì, ètò ìlú ló ń ṣe, bí kò tilẹ̀ sí ìwé òfin kankan níwájú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé àwọn Òyìnbó ló kó ètò ìlú wọ ilẹ̀ Yorùbá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Ohun tí àwọn Òyìnbó mú wá ni òfin tí a kọ sínú ìwé, àti àṣẹ tí ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Ètò ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn bi kì í ṣe bóyá àwọn baba ńlá ní ètò tàbí wọn kò ní. Ìbéèrè náà ni pé: ta ló ń pàṣẹ ibi tí a ó kọ́lé sí, ta sì ni wọ́n bi léèrè kí àṣẹ náà tó jáde? Ìtàn Òkè-Ògùn ní ìdáhùn tó yè kooro sí ìbéèrè yìí, ìdáhùn náà sì kan àwọn ìlú bí Ìràwọ̀ gbọ̀ngbọ̀n títí di òní.

Ètò Ìlú Láyé Àtijọ́

Àfin ni oókan àyà ìlú Yorùbá. Ọjà ọba wà níwájú àfin, láti ibẹ̀ ni àwọn ọ̀nà ńláńlá sì ti ń lọ sí bodè. Ẹ̀bá àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ni àdúgbò wà. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ìjòyè tirẹ̀, abẹ́ ìjòyè yìí sì ni àwọn agbo-ilé wà, olúkúlùkù pẹ̀lú baálé rẹ̀. Odi àti yàrà ló yí gbogbo ìlú po. Lẹ́yìn odi ni oko etílé, lẹ́yìn oko etílé ni oko egàn. Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin fi ṣe ibùjókòó ní nǹkan bí ọdún 1500 sí 1600, ṣì ní àmì odi àtijọ́ wọ̀nyí nínú ilẹ̀ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú rí i.

Kì í ṣe ibi tó bá wu ènìyàn ló ń kọ́lé sí. Àlejò tó bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ kí ọba tàbí baálẹ̀. Ọba yóò fà á lé ìdílé tó ni ilẹ̀ lọ́wọ́, ìdílé yóò sì fi ààlà hàn án níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí. Pèrègún ni wọ́n sábà ń gbìn sí ojú ààlà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera náà ní àyè tirẹ̀: ààtàn wà fún ìdọ̀tí, òkú ẹni tí ṣọ̀npọ̀nná pa kì í sì í wọ ìyẹ̀wù bí òkú àgbà yòókù, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yin ayé àtijọ́ kọjá bó ti yẹ. Nígbà tí ogun gbòde, tí àwọn ènìyàn ń sá wọ inú odi, ilé fún mọ́ ilé, ọ̀nà inú àdúgbò di tóóró, omi ìdọ̀tí kò sì rí ibi gbà. Ètò tí wọ́n ṣe nítorí ọ̀tá kò lè tètè yí padà nígbà tí ọ̀tá kò sí mọ́.

Òkèhò: Ìlú Tó Ṣí Lẹ́ẹ̀mejì

Kò sí ìlú tí ìtàn rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere bí Òkèhò. Ìlú yìí kì í ṣe ìlú kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀. Abúlé 11 ló para pọ̀ dà á. Nígbà tí ogun Dahomey àti ìkónilẹ́rú ń da agbègbè náà láàmú, Onjò Arílésire ké sí àwọn abúlé tó wà nítòsí pé kí wọ́n wá forí pamọ́ pọ̀ sáàárín àwọn òkè. Wọ́n gbà, wọ́n sì wá, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, pẹ̀lú orúkọ abúlé wọn àti olórí wọn. Ìṣípòpadà àkọ́kọ́ nìyí. Ìbẹ̀rù ló lé wọn, ṣùgbọ́n ìfohùnṣọ̀kan ni wọ́n fi tẹ ibùdó náà dó.

Ìṣípòpadà kejì yàtọ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọ̀gá àwọn àjẹ́lẹ̀ ní Ọ̀yọ́, Captain W. A. Ross, sọ agbára Aláàfin di ńlá lórí àwọn ìlú Òkè-Ògùn. Kóòtù titun dé, iṣẹ́ àpàpàǹdodo dé, àwọn ìjòyè tí ìlú kò fẹ́ sì ń lo àṣẹ tí ìlú kò mọ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1916, àwọn ará Ìsẹ́yìn àti Òkèhò dìde. Ẹ̀mí ṣòfò, wọ́n pa Onjò ìgbà náà pàápàá. Ìjọba rán àwọn ṣọ́jà, wọ́n tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, wọ́n sì pa lára àwọn aṣáájú rẹ̀.

Ní ọdún 1917 ni àṣẹ jáde pé kí gbogbo Òkèhò kúrò láàárín òkè, kí wọ́n lọ tẹ̀dó sí ibi tí ìlú náà wà títí di òní. Òkè tó ti dáàbò bo ìlú lọ́wọ́ ọ̀tá náà ni kò jẹ́ kí ọwọ́ ìjọba tètè tó o. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gọ́tà tàbí ìlera ló bí ètò yìí. Ọ̀rọ̀ àṣẹ àti ìṣọ́ ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí ibojì baba jẹ́ nínú agbo-ilé Yorùbá yóò mọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òkèhò Ahoro ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di ìsinsìnyí.

Síbẹ̀, ìtàn náà kò parí sí ẹkún. Àwọn abúlé 11 ìjọ́sí kò túká. Orúkọ wọn ni àwọn àdúgbò ìlú titun ṣì ń jẹ́: Ìsíà, Olélé, Ìmọ́bà, Gbọ́njẹ́ àti àwọn yòókù. Ní ọdún 2017, àwọn ọmọ Òkèhò ṣe àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n dé ibùdó náà. Ohun tí wọ́n fi ipá gbé lé wọn lọ́wọ́ ti di ohun ìní wọn, nítorí pé wọ́n gbé ètò tiwọn wọ inú ètò ìjọba.

Bí Òfin Èkó Ṣe Di Òfin Gbogbo Ìlú

Ohun tó bí òfin ètò ìlú ti òde òní ni àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1924. Ní ọdún 1928, ìjọba ṣe òfin ètò ìlú fún Èkó, ó sì dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB sílẹ̀ láti wó àwọn ilé tó fún mọ́ra, kí wọ́n sì la àdúgbò titun bí Yaba. Ní ọdún 1946, òfin kan tí wọ́n wo àwòkọ́ṣe òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1932 jáde fún gbogbo Nàìjíríà. Ó fún ìjọba láṣẹ láti dá ìgbìmọ̀ ètò ìlú sílẹ̀ níbikíbi tó bá tọ́. Àmọ́ ní àwọn ìlú kéékèèké, wolé-wolé ni ará ìlú mọ̀ jù. Òun ló ń yẹ àmù àti ẹ̀yìnkùlé wò, òun náà ló sì ń pe ènìyàn lẹ́jọ́.

Láàárín ọdún 1955 sí 1960, ìjọba wó apá kan àárín Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Sùúrùlérè. Onímọ̀ kan, Peter Marris, ṣe ìwádìí lórí wọn, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ó fi hàn pé ilé titun náà mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ọjà jìn sí àwọn oníṣòwò, owó ọkọ̀ pọ̀, àwọn ẹbí tó ti ń gbé pọ̀ sì fọ́nká. Ilé dára, ìgbésí ayé sì le. Níhìn-ín, kò sí ẹni tó gbé agbo-ilé wọ inú ètò bí Òkèhò ti ṣe.

Òfin mẹ́ta mìíràn ṣe pàtàkì fún akẹ́kọ̀ọ́:

(i) Òfin ilẹ̀ ti 29 oṣù Ẹrẹ́nà, 1978. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ gómìnà kí ó máa ṣọ́ ọ fún ará ìlú. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ gómìnà gan-an. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń mójú tó ilẹ̀ ìgbèríko.

(ii) Òfin ètò ìlú àti ẹkùn, nọ́ńbà 88 ti 1992. Ó pín iṣẹ́ ètò ìlú sí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀, ó sì sọ ọ́ di dandan kí ènìyàn gba ìwé àṣẹ kó tó kọ́lé.

(iii) Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 2003, nínú ẹjọ́ tí Èkó pe ìjọba àpapọ̀. Ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ ètò ìlú nínú ìpínlẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ìràwọ̀

Ìràwọ̀ wà ní abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú ni wọ́n tò pọ̀ di orúkọ náà, Ìràwọ̀ sì wà lára wọn. Tẹ̀dé ni olú-ìlú rẹ̀. Ìràwọ̀ méjì ló wà, Ìràwọ̀-Ilé àti Ìràwọ̀-Owódé. Orúkọ méjèèjì tó fi bí ìlú Yorùbá ti ń dàgbà hàn: ilé ni orírun, Owódé sì jẹ́ orúkọ tó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá fún ibùdó tí òwò ń gbé wá.

Irú ìlú bẹ́ẹ̀ wà lójú ìkóríta òfin. Mọ̀lẹ́bí ṣì ń fi ẹnu ta ilẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rà á. Òfin ní tirẹ̀ ń béèrè ìwé awọnlẹ̀, pílánù ilé àti ìwé àṣẹ. Ó ní kí ilé jìnnà sí títì, sí odò àti sí wáyà iná ńlá. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé kì í gbọ́ nípa òfin náà àfi ọjọ́ tí ó bá jí, tó bá àmì ọ̀dà pupa lára ògiri rẹ̀. Owó tó fi kọ́lé lè jẹ́ ohun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ lórí iṣu àti ẹ̀gẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí a ka òfin sí ọ̀tá. Ní 31 oṣù Ògún, 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn. Ilé wà létí odò, ìdọ̀tí sì wà nínú odò. Omi kò rí ọ̀nà, ó gba inú ilé kọjá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí àti dúkìá sì bá a lọ. Omíyalé mìíràn tún ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní 2011. Àlàfo tí òfin ní kí ènìyàn fi sílẹ̀ létí odò kò yàtọ̀ sí àlàfo tí àwọn baba fi sílẹ̀ láàárín ilé méjì nítorí iná. Ìlú kékeré tí kò tíì fún ni ọ̀rọ̀ yìí rọrùn fún jù lọ. Ọ̀nà tí a kò bá fi sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ oko, wíwó ilé ni a ó fi là á lọ́la.

Àgbálọgbábọ̀

Láti inú ìtàn yìí, ohun mẹ́ta hàn. Èkíní, ètò ìlú kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Èkejì, ètò tó bá fọ́ agbo-ilé àti àdúgbò ká máa ń di ìnira, ì báà jẹ́ pé ilé rẹ̀ dára. Ẹ̀kẹta, ètò tí ará ìlú bá lọ́wọ́ sí ló máa ń pẹ́.

Láyé àtijọ́, wọn kì í fi ààlà hàn ẹnikẹ́ni láìsí ẹlẹ́rìí. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ètò ìlú bá ń ka òfin ní èdè Yorùbá ní àfin, ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sáláásì kí ilé tó dìde, gbogbo ìlú yóò di ẹlẹ́rìí. Bí baálé tó fẹ́ ta ilẹ̀ bá sì kọ́kọ́ la ọ̀nà láàárín rẹ̀ kó tó pín in, iṣẹ́ tí odi àti bodè ṣe fún àwọn baba ló ń ṣe fún àwọn ọmọ. Àwọn ará Òkèhò kò ní àǹfààní àti yàn ní 1917. Àwọn ará Ìràwọ̀ ní in.