Fíríìjì tí kò tutù mọ́: ohun tó yẹ kí onílé yẹ̀ wò kó tó ránṣẹ́ pe oníṣẹ́

Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Èkó, ìyẹn LUTH, ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kì í ṣe omi tútù àti ẹja dídì nìkan ni èèyàn ń tọ́jú sínú fíríìjì. Fíríìjì kan ṣoṣo lè gba ọbẹ̀ àná, omi inú ọ̀rá tí ìyá ilé ń tà, àti ínsúlínì tí alárùn àtọ̀gbẹ ń gún sára láràárọ̀. Bí fíríìjì náà bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọbẹ̀ á kan, imú á sì sọ fún onílé. Ínsúlínì kì í rùn bó bá bàjẹ́. Aláìsàn á máa gún un lọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa ga sí i láìmọ ohun tó fà á.

Iṣẹ́ tí fíríìjì ń ṣe kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà sílé tí àmù wà. Omi tó ń yọ lára ìkòkò amọ̀ máa ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, bó sì ṣe ń gbẹ ló ń kó ooru omi inú ìkòkò lọ. Ìdí nìyí tí omi àmù fi máa ń tutù jù lásìkò ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ ìgbà náà gbẹ. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, lo ọgbọ́n yìí nígbà tó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó sì fi iyanrìn tútù sí àárín méjèèjì kí ẹ̀fọ́ àti tòmátì àwọn àgbẹ̀ má baà tètè rà. Ẹ̀bùn Rolex tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2000 nítorí iṣẹ́ yìí. Èkó kò dà bíi Jigawa ṣá. Afẹ́fẹ́ tó kún fún omi kì í jẹ́ kí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ létí òkun.

Nínú fíríìjì, gáàsì ló dúró bí omi àmù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ dúdú tó rí rìbìtì lẹ́yìn fíríìjì nísàlẹ̀, á fún gáàsì náà pọ̀ títí yóò fi gbóná. Gáàsì á sọ ooru yẹn sílẹ̀ lára àwọn páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn, á sì di olómi. Bó bá dé ibi fírísà, á tún padà di atẹ́gùn, á sì fa ooru inú oúnjẹ mọ́ra. Yíyípo ló ń yípo, kì í jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí ni wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí fíríìjì bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, tí gílóòbù inú rẹ̀ kò sì tàn, kí onílé kọ́kọ́ fi fáànù tàbí nǹkan mìíràn dán sọ́kẹ́ẹ̀tì náà wò, kó wo plọ́ọ̀gì bóyá ó ti jó tàbí fíúsì inú rẹ̀ ti já. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù bá ń tàn, tí ẹ̀yìn fíríìjì dún “kẹ́”, tó dákẹ́, tó tún dún “kẹ́” lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, iná ni kó fura sí kó tó fura sí fíríìjì. Fóltì 230 ni iná ilé yẹ kó jẹ́ ní Nàìjíríà. Lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò bá tan nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, iná lè fà sílẹ̀ débi pé gílóòbù á pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó bá fẹ́ gbéra lórí irú iná bẹ́ẹ̀ kò ní lágbára láti yí. Iná tó ń fà á pọ̀ sí i ni, wáyà inú rẹ̀ á gbóná, ohun kékeré kan tó ń dáàbò bò ó á sì já iná kúrò: òun ni “kẹ́” tí wọ́n ń gbọ́. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wáyà náà lè jóná pátápátá. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iná títí iná á fi gbé sókè. Bí iná bá péye tí “kẹ́” náà kò dáwọ́ dúró, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń ta kọ̀mpúrẹ́sọ̀ jí ló bàjẹ́. Ohun kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí náà oníṣẹ́ tó bá pe kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tuntun lójú ẹsẹ̀ láìfi mítà wọn nǹkan kan kò tíì ṣàyẹ̀wò.

Iná tó lọ tó sì dé lójijì tún burú ju iná tó fà sílẹ̀ lọ. Orúkọ NEPA di PHCN ní 2005, ìjọba sì fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní 2013, àmọ́ ìwà kí iná lọ kó dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kò bá orúkọ lọ. Bí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, gáàsì tó ti fún pọ̀ kò tíì rọlẹ̀ nínú páìpù. Bó bá ní kó tún gbéra lákòókò yẹn, ẹrù tó ń gbé wúwo jù. Ìdí nìyí tó fi dára kí sitebiláísà fíríìjì jẹ́ irú èyí tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú 3 sí 5 kó tó tú iná sílẹ̀. Ẹni tí kò bá ní irú rẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é: bí iná bá lọ, kó pa fíríìjì, kó má sì tàn án títí ìṣẹ́jú márùn-ún yóò fi pé lẹ́yìn tí iná bá dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní “I better pass my neighbour” kì í sábà lè gbé fíríìjì ńlá, nítorí pé iná tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń bèèrè nígbà tó bá ń gbéra pọ̀ ní ìlọ́po-ìlọ́po ju èyí tó ń lò nígbà tó bá ti ń ṣiṣẹ́ lọ.

Àìsàn kejì ni ti fíríìjì tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru tí kò tutù dáadáa. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí wọ́n fi owó náírà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì fa owó náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìjanpata, afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé níbẹ̀. Ọṣẹ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lè tún rọ́bà tó dọ̀tí ṣe; èyí tó bá ti ya kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe ju kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yìn fíríìjì. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bẹ́ẹ̀dì, àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ti gba gbogbo àyè, wọ́n máa ń ti fíríìjì mọ́ ògiri gbáà, eruku á sì bo páìpù ẹ̀yìn rẹ̀ bí irun àgùntàn. Ooru kò ríbi gbà jáde mọ́. Àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ láàárín rẹ̀ àti ògiri, àti búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi gbá eruku náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ plọ́ọ̀gì, ń dín iná tó ń jẹ kù. Ọ̀rọ̀ owó wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ní oṣù April 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A lọ sí náírà 225 fún ẹyọ kan.

Yìnyín tó bá ti nípọn ju ìbú ìka ọwọ́ kékeré lọ nínú fírísà ń dí òtútù lọ́nà ni. Kí wọ́n pa fíríìjì, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé abọ́ omi gbígbóná sínú rẹ̀, kí wọ́n sì ní sùúrù. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ gbẹ́ yìnyín náà ń fi fíríìjì rẹ̀ ta tẹ́tẹ́, torí pé páìpù gáàsì wà lábẹ́ pépà irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn gan-an. Ihò kékeré kan ti tó; gáàsì á fọn jáde, ọ̀pọ̀ fíríìjì kì í sì í tún padà bọ̀ sípò lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ló mú ọ̀rọ̀ “gáàsì ti tán” wá, gbólóhùn tí kò sí onífíríìjì tí kò tíì gbọ́ ọ. Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Bó bá dín kù, ó jò ni. Oníṣẹ́ tó bá ń rọ gáàsì sí i láìwá ibi tó ti ń jò yóò tún padà wá gba owó mìíràn láìpẹ́. Ohun tó tọ́ ni kó wá ihò náà, kó dí i, kó fa atẹ́gùn àti omi inú páìpù jáde tán, kó tó wọn gáàsì tuntun sínú rẹ̀. Kí onílé béèrè nípa gbogbo èyí kó tó sanwó.

Irú gáàsì náà ṣe pàtàkì. R12 tó wà nínú fíríìjì àtijọ́ wà lára àwọn gáàsì tí àdéhùn Montreal ti 1987 fòfin dè nítorí pé wọ́n ń jẹ ìbòrí tó ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. R134a ló rọ́pò rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, R600a ni, mọ̀lẹ́bí gáàsì ìdáná sì ni: ó ń gbiná. Orúkọ rẹ̀ máa ń wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì tàbí mọ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Oníṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé iná jó o nínú yàrá tó há nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú páìpù.

Bí fírísà bá ń dì tí apá ìsàlẹ̀ kò sì tutù, nínú irú fíríìjì tí kì í yọ yìnyín, ó ṣeé ṣe kí fáànù inú rẹ̀ ti kú tàbí kí yìnyín ti dí ihò tí òtútù ń gbà sọ̀kalẹ̀. Omi tó bá ń ṣàn nísàlẹ̀ inú fíríìjì sábà máa ń wá láti inú ihò ìṣànmi tí ìdọ̀tí dí. Okùn rírọ̀ àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lè là á. Fíríìjì tó bá ń gbé èèyàn lọ́wọ́ kì í ṣe ti ká máa wọ bàtà kí a tó fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n yọ plọ́ọ̀gì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí oníná sì wá wo wáyà tó wọlẹ̀.

Tókùnbọ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àjọ aṣọ́bodè ka fíríìjì, fírísà àti kọ̀mpúrẹ́sọ̀ àlòkù mọ́ ọjà tí kò gbọ́dọ̀ wọ Nàìjíríà, síbẹ̀ wọ́n kún ọjà. Èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà lè jẹ́ ti iná fóltì 115. Bí wọ́n bá kì í bọ iná 230 ní tààrà, ó parí nìyẹn. Bí wọ́n bá sì gbé fíríìjì dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀, kí wọ́n nà án ró fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó tàn án, kí epo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lè padà sí àyè rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, 4°C tàbí kó dín díẹ̀ ni inú fíríìjì yẹ kó jẹ́, fírísà sì yẹ kó wà ní 18°C nísàlẹ̀ òdo. Bí iná bá lọ tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn, oúnjẹ inú fíríìjì lè wà láìléwu fún nǹkan bíi wákàtí 4, fírísà tó kún dẹ́múdẹ́mú fún bíi wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún bíi wákàtí 24. Ooru yàrá Èkó lè dín in kù. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò lè jẹ́ kí omi dì nínú ife kan nínú fírísà, kó gbé kọ́ìn sórí rẹ̀, iṣẹ́ kan tó kù fún kọ́bọ̀ nìyẹn. Bó bá dé tó bá kọ́ìn nísàlẹ̀ ife, ẹran àti ẹja inú fírísà ti yọ́ nígbà tí kò sí nílé, wọ́n sì tún dì padà.

Ínsúlínì tí wọn kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C. Àárín fíríìjì ni àyè rẹ̀, nínú abọ́ tó ní ìdérí, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn tí ooru ń fẹ́ sí, kì í sì í ṣe ìtòsí fírísà. Èyí tó bá dì lẹ́ẹ̀kan ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ tán tí kò yàtọ̀ lójú. Tẹmomítà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà dára ju ọwọ́ tí wọ́n fi ń fọwọ́ bà á wò. Ọ̀pọ̀ irú ínsúlínì tí wọ́n ti ṣí ṣeé lò láìsí fíríìjì fún bíi ọjọ́ 28 bí ibi tó wà kò bá gbóná ju bí olùṣe rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sára páálí lọ, 25°C fún àwọn kan, 30°C fún àwọn mìíràn. Lóṣù February tàbí March, yàrá tí kò ní fáànù lè kọjá méjèèjì lọ́sàn-án. Bí iná bá ti lọ pẹ́ tí tẹmomítà sì fi hàn pé ooru inú fíríìjì ti ga, kí wọ́n kó ínsúlínì náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí wọ́n fi aṣọ wé kó má baà kàn án, kí wọ́n sì bi apòògùn ilé ìwòsàn wọn kí wọ́n tó gún èyí tí wọ́n ń ṣiyèméjì sí.