Ìmọra-ẹni àti Ìkóra-ẹni-níjàánu ní Àyíká Berea, Johannesburg

Ẹni tó bá dúró sídìí fèrèsé ilé ìdáná nínú ilé gogoro Ponte City kì í rí ìgboro Johannesburg. Ilé ìdáná ẹlòmíràn ló ń rí. Ọdún 1975 ni wọ́n parí ilé alájà 54 yìí sí àdúgbò Berea, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 173. Òfin ìlú ní ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fèrèsé, ni wọ́n bá dá ihò ràgàjì sí àárín ilé náà láti òkè délẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Bí o bá ń dín dòdò, aládùúgbò tó ń fọ abọ́ lódìkejì ń wò ọ́, ìwọ náà sì ń wò ó.

Kí èèyàn mọ ohun tó máa ń bí òun nínú, ohun tó ń wu òun àti ibi tí agbára òun mọ, ìyẹn ni ìmọra-ẹni. Kí ó sì lè fi ìmọ̀ náà ṣiṣẹ́ nígbà tí inú bá ru, ìyẹn ni ìkóra-ẹni-níjàánu. Orí òkè tàbí inú igbó ni ọ̀pọ̀ ìwé máa ń gbé ẹ̀kọ́ méjèèjì sí, àfi bí ẹni pé anìkàngbé nìkan ló lè mọ ara rẹ̀. Ìtàn Berea àti àwọn àdúgbò tó múlé tì í kò jẹ́rìí sí èyí rárá.

Bí èèyàn bá gba àárín Hillbrow kọjá láti Berea, kò ní í pẹ́ kan Constitution Hill, níbi tí ọgbà ẹ̀wọ̀n Old Fort wà. Ibẹ̀ ni wọ́n sọ Mohandas Gandhi, lọ́yà ọmọ Íńdíà, sí ní oṣù Kìíní ọdún 1908, nítorí pé ó kọ̀ láti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin tí ìjọba Transvaal gbé kalẹ̀ fún àwọn ará Éṣíà. Ní 1906 ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní bá obìnrin lò pọ̀ mọ́, àti ìyàwó òun pàápàá. Ọdún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, ni àwọn ará Íńdíà péjọ sí Empire Theatre ní Johannesburg, tí wọ́n búra pé àwọn kò ní tẹrí ba fún òfin náà, ìyà tó bá sì tibẹ̀ wá, àwọn ó gbà á. Lójú Gandhi, ẹ̀jẹ́ méjèèjì kò jìnnà síra: ẹni tí ara rẹ̀ kò gbọ́ràn sí lẹ́nu, báwo ló ṣe fẹ́ kojú ìjọba?

Kò pẹ́ tí ìdánwò fi dé. Gandhi bá Jan Smuts, tó ń ṣojú ìjọba Transvaal, ṣe àdéhùn lórí ìforúkọsílẹ̀ náà, wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì gbéra láti lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Mir Alam, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, rò pé Gandhi ti ta àwọn èèyàn rẹ̀. Lójú títì ló ti fi igi lù ú títí ó fi dákú. Nígbà tí Gandhi lajú, ó béèrè Mir Alam. Wọ́n ní ọlọ́pàá ti mú un. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ilé Joseph Doke, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni wọ́n gbé e lọ láti tọ́jú rẹ̀, orí ibùsùn náà ló sì ti ní kí wọ́n gbé ìwé ìforúkọsílẹ̀ wá fún òun.

Síbẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà kọ̀wé nípa ẹ̀wọ̀n ọdún yẹn, ó ráhùn pé wọ́n kó àwọn ará Íńdíà pọ̀ mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì fi orúkọ àbùkù pè wọ́n. Ó mọ ebi rẹ̀, ó mọ ìbínú rẹ̀, kò mọ ẹni tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n. Irú ohun tó kọ yẹn ló mú kí àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ghana, ní Legon, ta ko ère rẹ̀ tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 2016. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n gbé e kúrò.

Old Fort náà ni wọ́n fi Nelson Mandela sí nígbà tí wọ́n mú un ní 1962. Ní oṣù Kejì ọdún 1975, láti Robben Island, ó kọ lẹ́tà sí ìyàwó rẹ̀, Winnie, tí òun náà wà lẹ́wọ̀n ní Kroonstad. Ó ní yàrá ẹ̀wọ̀n dára fún kí èèyàn kọ́ bí a ṣe ń mọ ara ẹni, ó sì gbà á níyànjú pé kí ó máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ronú lálaalẹ́ kó tó sùn. Ohun tí Mandela ní kí ó yẹ̀ wò nínú ara rẹ̀ ni òótọ́, ìrẹ̀lẹ̀, ìwà ọ̀làwọ́ àti ìmúratán láti sin ọmọnìkejì. Ta ló lè lawọ́ sí ara rẹ̀ nìkan? Nínú àdáwà ẹ̀wọ̀n pàápàá, àwọn ẹlòmíràn ló kún inú ìbéèrè náà.

Èyí bá èrò tí àwọn ará Gúúsù Áfíríkà ń pè ní ubuntu mu, pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn ni èèyàn ti ń di èèyàn. Ó wọ ilé ẹjọ́ pẹ̀lú: nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Òfin Orílẹ̀-èdè fagi lé ìdájọ́ ikú ní 1995, àwọn adájọ́ bíi Yvonne Mokgoro gbé àlàyé wọn lé e lórí. Láti 2004, ilé ẹjọ́ náà wà lórí òkè tí Old Fort wà. Bíríkì ẹ̀wọ̀n tí wọ́n wó wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ.

Lọ́dọ̀ Yorùbá náà, Wande Abimbola, onímọ̀ nípa Ifá, kọ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ lórí ìwà pẹ̀lẹ́ ní 1975. Nínú ìtàn Ifá, Ìwà jẹ́ ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Ọkọ lé e jáde nítorí ìṣesí rẹ̀, àfi bí nǹkan ṣe dojú rú: àwọn èèyàn kò bọ̀wọ̀ fún un mọ́, ilé rẹ̀ sì dá páropáro. Ó wá ń wá Ìwà kiri láti ilé dé ilé. Ẹ kíyè sí i pé ojú àwọn èèyàn ni baba onífá fi mọ ohun tó sọnù lọ́wọ́ òun.

Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ya wọ Hillbrow, Berea àti Yeoville lẹ́yìn 1994. Òfin Group Areas ti 1950 ti fi àdúgbò wọ̀nyí fún aláwọ̀ funfun nìkan. Nígbà tí wọ́n pa òfin náà rẹ́ ní 1991, àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń gbé ibẹ̀ láìgba àṣẹ. Ọ̀pọ̀ onílé pa ilé wọn tì, wọn kò sì tún bojú wẹ̀yìn. Ní Ponte, inú ihò àárín ilé ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí títí ó fi ga bí òkìtì. Ní 2008, Mikhael Subotzky àti Patrick Waterhouse, àwọn ayafọ́tò, bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò ilẹ̀kùn, ohun tí a ń rí lójú fèrèsé àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé. Iṣẹ́ náà gba ẹ̀bùn fọ́tò Deutsche Börse ní 2015. Tẹlifíṣọ̀n ló fà mí mọ́ra jù: ohun tí olúkúlùkù ń wò nígbà tó rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni aládùúgbò ń kó ara rẹ̀ níjàánu: ọdún 2008 yẹn náà ni ìkọlù sí àwọn àjèjì bẹ́ sílẹ̀ ní Alexandra, àdúgbò kan ní Johannesburg, ó sì pa èèyàn tó lé ní 60 káàkiri Gúúsù Áfíríkà. Òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Johannesburg ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019. Ní ọjọ́ 11, ọkọ̀ òfurufú Air Peace kó àwọn ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ padà sí Èkó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 16, Jeff Radebe, aṣojú Ààrẹ Cyril Ramaphosa, dúró níwájú Buhari, tó jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, ní Abuja, ó sì tọrọ àforíjì.