Bakitéríà tó ń bá sóyà wá ajílẹ̀

Rhizobium ni orúkọ bakitéríà kan tó ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, ẹ̀pà àti sóyà. Náítírójìn ló kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn ò lè dá a lò. Bakitéríà yìí ló ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un.

Ẹ̀wà tiwa sábà máa ń rí bakitéríà tirẹ̀ nínú ilẹ̀. Sóyà ló nílò ìrànlọ́wọ́, pàápàá nílẹ̀ tí wọn ò gbìn ín sí rí. Ìdí nìyí tí ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA n'Íbàdàn fi ṣe NoduMax, lúbúlúbú tí wọ́n ń pò mọ́ irúgbìn.

Bí wọ́n ṣe ń lò ó: abẹ́ ibòji ni wọ́n ti ń pò ó, ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sì ń gbìn ín. Nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Oòrùn àti oògùn tí wọ́n fi pa irúgbìn lára lè pa á.

Ó ń dín owó yúríà kù, àmọ́ kì í pèsè fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Àgbẹ̀ ṣì ní láti ra ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò: tí sóyà bá ń yọ òdòdó, ẹ hú ìdí kan, kí ẹ la kókó rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ ń lọ nìyẹn. Bó bá funfun tàbí tó ní àwọ̀ ewé, kò ṣiṣẹ́.