Ìtàn Ẹran Ọ̀sìn tí A Fi Ẹ̀rọ Ṣe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, n kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì rí, àfi ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ wá bá mi nínú yàrá mi. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ẹran ọ̀sìn kan tí kì í jẹ, tí kì í mu, tí yóò máa bá àwọn arúgbó tí wọ́n ń dá gbé ṣeré. Wọ́n mọ̀ nípa wáyà àti bátìrì. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ mi. Irú ẹran wo ni kí ó jẹ́? Báwo ni kí ó ṣe máa ké? Orúkọ wo ni kí a sọ ọ́? Mo ní kí wọ́n fún mi láàyè díẹ̀, kí n lọ wo ohun tí ojú àwọn tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú wa rí. Ohun tí mo kó bọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé.

Ìjàpá ni mo kọ́kọ́ bá pàdé. Bí inú ọmọ Yorùbá bá dùn sí èyí, kò jẹ̀bi. Onímọ̀ ọpọlọ kan wà ní ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, W. Grey Walter ni orúkọ rẹ̀. Láàárín 1948 sí 1949, ó ṣe ìjàpá onírin méjì, ó sọ wọ́n ní Elmer àti Elsie. Táyà mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń rìn. Gílóòbù rédíò àtijọ́ méjì péré ni ó dúró fún ọpọlọ wọn, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń wá ìmọ́lẹ̀ kiri. Bí ìjàpá yìí bá forí gbá nǹkan, a ṣẹ́rí padà, a gba ibòmíràn. Bí agbára bátìrì rẹ̀ bá ń tán lọ, a fà padà sí inú ahéré rẹ̀, níbi tí iná wà, láti lọ gba agbára kún agbára. Kì í ṣe nítorí arúgbó kankan ni Walter fi ṣe wọ́n. Bí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ ni ó fẹ́ mọ̀. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ fún wọn ní orúkọ Látìnì, Machina speculatrix, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ti ń sọ ẹranko lórúkọ. Kì í pẹ́ kí ènìyàn tó rí ẹ̀mí nínú ohun tí ó bá ti ń dá rìn.

Ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn èyí, ní 1999, ilé-iṣẹ́ Sony ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé ajá ẹ̀rọ kan jáde, wọ́n pè é ní AIBO. Orúkọ yìí dún bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹnìkejì ẹni ní èdè wọn. 250,000 yen ni iye rẹ̀. Síbẹ̀, 3,000 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ilẹ̀ Jàpáànì tán láàárín 20 ìṣẹ́jú. Ajá náà a máa ju ìrù, a máa lé bọ́ọ̀lù, bí olówó rẹ̀ bá sì ti tọ́ ọ ni ìwà rẹ̀ ń rí. Ní 2006, Sony kò ṣe é mọ́; ní 2014, wọn kò tún un ṣe mọ́. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ di ọ̀fọ̀. Àwọn kan tí wọ́n ti bá Sony ṣiṣẹ́ rí dá ilé àtúnṣe sílẹ̀; ara ajá tí ó ti kú ni wọ́n ti ń yọ ohun tí wọn yóò fi tún èyí tí ó kù ṣe. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tú òkú palẹ̀, wọn a gbé e lọ sí tẹ́ḿpìlì Kofukuji ní ìlú Isumi, kí àlùfáà ẹ̀sìn Búdà ṣe àdúrà ìdágbére fún un. Láti 2015 ni èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní 2018, ajá tí wọ́n tò síwájú pẹpẹ lé ní 100. Ọdún náà gan-an ni Sony tún gbé irú ajá náà tuntun jáde.

Ẹnìkẹta ni ó rò ti àwọn aláìsàn. Takanori Shibata, ará Jàpáànì bákan náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní 1993. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú ajá àti ológbò, ṣùgbọ́n àwọn tí ó fi hàn mọ ajá, wọ́n sì mọ ológbò. Wọ́n fi ti ẹ̀rọ wé ti ilé, wọ́n sì rí àléébù rẹ̀. Ni Shibata bá yíjú sí ọmọ síìlì, ẹranko funfun tí ń gbé inú òkun dídì. Ó lọ sí ilẹ̀ Kánádà láti gba igbe rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni ó ti gbé ọmọ síìlì sọ́wọ́ rí, tí yóò wá sọ pé èyí kò jọ ọ́? Paro ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ó wúwo tó ọmọ tuntun, irun rẹ̀ kì í gba kòkòrò àrùn, ó mọ̀ bí a bá fọwọ́ pa á lára, ó sì ń dáhùn bí a bá pè é. Ohun tí a fi ń rọ agbára sí i rí bí ọmú rọ́bà tí a ń ki bọ ọmọ lẹ́nu. Ní 2005 ni títà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì. Ní 2009 ni ìjọba Amẹ́ríkà kà á mọ́ ohun èlò ìṣègùn.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Àwọn olùwádìí Yunifásítì Griffith ní ilẹ̀ Ọsirélíà gbé èsì kan jáde ní 2017. Àwọn àgbàlagbà 415 tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú 28, ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan gba Paro. Àwọn kan gba Paro tí a ti pa ẹ̀rọ inú rẹ̀. Àwọn yòókù gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn tí ó gba Paro bá a sọ̀rọ̀ wọ́n sì tẹjú mọ́ ọn ju àwọn tí ó gba èyí tí kò mira lọ. Inú wọn dùn ju ti àwọn tí kò gba nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí kò mira pàápàá kò ṣàìṣe àǹfààní díẹ̀. Èyí mú mi ronú: ṣé ẹ̀rọ ni ó ń tu àgbà nínú ni, àbí ohun tí ọwọ́ rí dì mú?

Sherry Turkle, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò fara mọ́ ọn. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2011, ó tako pé kí a fi ẹ̀rọ tí kò mọ ikú, tí kò mọ ìfẹ́, sílẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ ẹni tí ń ṣọ̀fọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un pátápátá, àfi pé mo rántí ère ìbejì. Àwọn ìyá wa a máa wẹ ère, wọn a kun ún ní osùn, wọn a gbé oúnjẹ sí i lẹ́nu, wọn a sì fi sínú aṣọ bí ẹni pọn ọmọ. Ta ni yóò sọ pé wọ́n gọ̀? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ìyá mọ ọmọ tí ère náà dúró fún. Gbogbo agbo ilé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú rẹ̀. Igi náà kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ni ọmọ.

Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí mo ti kà yìí, mo lọ sí Ìsẹ́yìn lọ bá ìyá àgbà mi. Òun nìkan ni ó ń gbé inú ilé náà báyìí, pẹ̀lú ewúrẹ́ mẹ́rin. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà, mo ní, "Ìyá àgbà, irú èyí wo ni ẹ fẹ́?" Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi parí. Wọ́n ní, "Kì í jẹ ẹ̀fọ́ mi?" Mo ní kì í jẹ ẹ. Wọ́n ní, "Kì í bímọ?" Mo ní kì í bí i. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí kò bá dáhùn mọ́ ńkọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Ṣé ìwọ tí mo rí kẹ́yìn ní ọdún Iléyá?" N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n bu àmàlà fún mi.

Nígbà tí mo padà dé, ohun mẹ́ta ni mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Èkíní, kí wọ́n má ṣe fi ohùn ọmọ ẹni tàbí ohùn òkú sí ẹ̀rọ náà lẹ́nu. Kí arúgbó tí orí rẹ̀ ṣì pé lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Èkejì, kí wọ́n ṣe é tí alátùn-únṣe rédíò ní Ìsẹ́yìn yóò fi lè tú u, kí ó sì tò ó padà, kí tiwa má baà rí bí ti àwọn ajá Jàpáànì. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣe é kí ó má lè jí àfi bí ènìyàn méjì bá jọ fọwọ́ kàn án.

Wọ́n gba èkíní àti èkejì. Wọ́n fi ẹ̀kẹta rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni yóò ra ohun tí ó ń wá ẹnìkejì kí ó tó ṣiṣẹ́? Ọ̀kan nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí kò ní ẹnìkan ńkọ́?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì lè fi òwe gbé e kúrò. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo gbà pé ọmọ síìlì tí ń ké lórí itan sàn ju ògiri lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí èmi mọ̀ ní ènìyàn. Àwọn ènìyàn náà ni kò wá. Ènìyàn ni aṣọ, a kì í rán ẹ̀rọ lọ wọ̀ ọ́ fún ni.

Wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn lọ lọ́wọ́lọ́wọ́, mo sì ń bá wọn dá sí i. Èmi náà ti ń lọ sí Ìsẹ́yìn ní oṣooṣù.