Àgbàyanu Èdè Orí Òkè Lusérn

Ohun tí mo gbé dé yìí kì í ṣe àlọ́. Lórí àwọn òkè gíga ní àríwá ilẹ̀ Ítálì, níbi tí òjò dídì ti ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ nígbà òtútù, abúlé kan wà tó ń jẹ́ Lusérn. Ó fi mítà 1,333 ga ju ojú òkun lọ. Gbogbo ará abúlé náà kò tó ọ̀ọ́dúnrún, ṣùgbọ́n èdè kan ń bẹ lẹ́nu wọn tí ebi, àgbá ogun àti apàṣẹwàá ti bá jà, tí wọn kò rí i pa. Zimbar lorúkọ èdè náà. Ẹbí èdè Jámánì ni, èdè Ítálì ló sì yí i ká lọ́tùn-ún lósì láti nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn.

Ibo ni àwọn ènìyàn yìí ti wá? Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ọ̀mọ̀wé ń sọ pé ìyókù ẹ̀yà Cimbri ni wọ́n, àwọn jagunjagun tí Marius, ọ̀gágun Róòmù, ṣẹ́gun lọ́dún 101 ṣáájú ìbí Jésù. Pé àwọn tó yè bọ́ ló sá gun òkè lọ. Ìtàn náà dùn, àwọn fúnra wọn sì fi ń yangàn. Ní 1833 ni Johann Andreas Schmeller, onímọ̀ èdè láti Bavaria, wá sórí àwọn òkè wọ̀nyí, tó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ èdè wọn. Èdè Bavaria ti ayé àtijọ́ ló bá lẹ́nu wọn. Àgbẹ̀ làwọn baba ńlá wọn, àwọn tálákà tó sọdá òkè Alps wá wá ilẹ̀ tí wọn yóò dáko sí. Lójú tèmi, àgbẹ̀ tó kó aya àtọmọ la irú òkè bẹ́ẹ̀ kọjá nítorí oúnjẹ ya ni lẹ́nu ju jagunjagun mẹ́wàá lọ.

Láyé àtijọ́, àwọn tó ń sọ Zimbar pọ̀. Méje lára ìlú wọn ló ń ṣe ìjọba ara wọn láti 1310 títí Napoleon fi fòpin sí i ní 1807. Láti 1602 ni wọ́n ti ní ìwé katikísìmù ní èdè wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni èdè náà ń parẹ́ níbòmíràn, títí ó fi di pé Lusérn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti múlẹ̀ jù. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń gbọ́ èdè kan ṣoṣo. Zimbar ni wọ́n fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, èdè Ítálì àwọn ará Trento ni wọ́n fi ń nájà. Bí òtútù bá ti lọ, àwọn ọkùnrin á kó irinṣẹ́ bíríkìlà wọn, ó di àwọn ìlú tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì, wọ́n á lọ máa mọlé fún olówó. Nígbà tí wọ́n bá fi máa padà, èdè Jámánì ti kún ẹnu wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1915, Ogun Àgbáyé Kìíní dé ẹnu ọ̀nà. Abẹ́ Austria ni Lusérn wà, ààlà Ítálì kò sì jìnnà rárá. Àgbá rọ̀jò lé abúlé náà lórí. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n kó lọ sí Bohemia, ó sì di 1919 kí wọ́n tó tún fojú kan ilé. Ilẹ̀ wọn ti di ti Ítálì. Mussolini, apàṣẹwàá ilẹ̀ Ítálì, gorí àlééfà, ilé-ẹ̀kọ́ Jámánì di èèwọ̀. Ní 1939 òun àti Hitler ṣe àdéhùn pé kí àwọn tó ń sọ èdè Jámánì ní agbègbè náà yan ọ̀kan: Ítálì tàbí Jámánì. Àwọn ìdílé kan ní Lusérn di ẹrù, wọ́n tún forí lé Bohemia. Ogun Àgbáyé Kejì parí, wọ́n padà sórí òkè.

Ṣùgbọ́n àgbàyanu tó mú mi kọ̀wé kò sí nínú àgbá tàbí àdéhùn. Inú gbólóhùn ló wà. Bí a bá to ọ̀rọ̀ bí ará Jámánì ṣe ń tò ó, “Mo ti ajá rí” la máa sọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń dúró de ìparí. Ará Ítálì ń sọ pé “Mo ti rí ajá,” bíi tiwa. Zimbar ti fi ọ̀nà Jámánì yìí sílẹ̀, ó ti mú ti Ítálì. Ẹnikẹ́ni kò jókòó pàṣẹ rẹ̀. Orí kan náà ló ń fi èdè méjì mẹ́ta ronú láàárọ̀ lálẹ́, láti ìran dé ìran, títí ètò ọ̀kan fi wọnú èkejì.

Ẹ wo èyí tó jù ú lọ. Àwọn baba ńlá wọn gbé ọ̀rọ̀ kan wá, az, tí wọ́n fi ń so gbólóhùn mọ́ gbólóhùn. Wọ́n tún yá òmíràn lọ́wọ́ ará Ítálì, ke. Àlejò kò lé onílé jáde. Wọ́n pín iṣẹ́. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá mọ nǹkan tàbí tó ń ròyìn rẹ̀, ke ló ń lò. Bó bá ń fẹ́ kí nǹkan ṣẹlẹ̀, az ni. Ọmọ Yorùbá kò nílò olùkọ́ láti mọ ohun tí mò ń wí: mo mọ̀ pé Òjó wá, mo fẹ́ kí Òjó wá. A kì í ṣi pé àti kí lò. Bí a bá sì fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, “mo mọ̀ pé kò wá” la ń wí, ṣùgbọ́n “mo fẹ́ kó má wá”. Ọ̀rọ̀ ìyísódì ń yàtọ̀. Ní Lusérn, ọ̀rọ̀ ìyísódì kan náà ni, nèt, àyè rẹ̀ ló ń yí: nínú gbólóhùn ke, ó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-ìṣe, nínú ti az, ó ń ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kúkúrú a máa lẹ̀ mọ́ az tímọ́tímọ́, kì í lẹ̀ mọ́ ke.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tí Ítálì gbé wá ni wọ́n gbà. Ará Ítálì lè sọ pé “ń sùn” lásán, kí olùgbọ́ fòye mọ ẹni tó ń sùn. Ọ̀rúndún mélòó ni Zimbar ti ń gbọ́ èyí, síbẹ̀ kò gbà á. Ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà: òun ni, èmi ni, àwa ni. Àwọn onímọ̀ bíi Ermenegildo Bidese, Alessandra Tomaselli àti Andrea Padovan ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn nǹkan wọ̀nyí láti ọdún pípẹ́.

Inú máa ń bí mi bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe irú èdè báyìí ní àdàlù tó ti bàjẹ́. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni èdè Jámánì ń lò fún iṣẹ́ ke àti ti az, ẹyọ kan ṣoṣo náà ni èdè Ítálì ń lò. Àwọn àgbẹ̀ àti bíríkìlà orí òkè ló fi èdè méjèèjì hun ìyàtọ̀ tó fínjú, tí èdè ńlá méjèèjì náà kò ní.

Òfin ilẹ̀ Ítálì ti 1999 ka èdè wọn mọ́ àwọn tí ìjọba ń dáàbò bò. Ìwé gírámà rẹ̀ kan jáde ní 2006. Lónìí, wọ́n ń ṣe ìdíje ìwé kíkọ tí wọ́n sọ lórúkọ Tönle Bintarn, akọni inú ìwé tí Mario Rigoni Stern tẹ̀ jáde ní 1978. Tọmọdé tàgbà ló lè fi ìtàn ránṣẹ́ síbẹ̀, kó ṣáà ti jẹ́ Zimbar ni wọ́n fi kọ ọ́.